Ọjọ́ Tí À Ń Wá Ẹ

Bí mo bá gbóòórùn sóbò alátalẹ̀ ní ọ́fíìsì, kíbọ́ọ̀dù mi ni mo ṣì máa ń kọ́kọ́ sún sẹ́yìn.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló da sóbò sórí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà bàbá mi nílé wa ní Jákàńdè, nígbà tí mo wà ní kékeré. Kí bàbá tó dé, a yọ bọ́tìnnì rẹ̀, a fọ̀ wọ́n lẹ́bàá gọ́tà. Màmá Àgbà ń to àwọn bọ́tìnnì náà bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ABD Yorùbá: "A, B, D, E..." Wọ́n tú bọ́tìnnì tó kù wò. "Ẹ dà? GB ńkọ́? Yéè, omi ti gbé wọn lọ!"

Inú ẹrẹ̀ gọ́tà ni ọwọ́ mi wà nígbà tí bàbá dé.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

"Lẹ́tà Ẹ ni, ọkọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sí Ẹ lórí rẹ̀ rí. Bàbá mi mọ̀, èmi àti Màmá Àgbà ni ò mọ̀. Bàbá ká ṣòkòtò iṣẹ́ wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, wọ́n sì tọwọ́ bọ gọ́tà.