Afárá Tí Ìyá Mi Kò Gbà Kọjá

Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ Odò Ọya nínú ilé wa. Láti Pópó Yemọja ni wọ́n ti ń kó àdìrẹ lọ tà ní Oníṣà nígbà tí mo ṣì kéré. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀nà kì í rẹ àwọn, etí odò ní Àsábà ló ń rẹ àwọn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá níbẹ̀ ti gbó. Bó bá bàjẹ́, àwọn lọ́rì á tò lọ rẹrẹẹrẹ, èrò á sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọn ó fi tún un ṣe.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ afárá níbẹ̀, mo ti ń ṣe káfíńtà ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́, mo sì lọ. Apá Oníṣà ni wọ́n fi mí sí. Mo ṣèlérí fún ìyá mi pé bí a bá parí rẹ̀, inú lọ́rì ni wọn ó jókòó sí sọdá.

Àwa là ń fi pákó kan àpótí ńlá tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Bí kọnkéré bá ti le, a ó tú pákó náà, a ó lọ kàn án síbòmíràn. Ohun tí ọwọ́ mi kàn, ọwọ́ mi náà ló ń tú u. Lóṣù ààwẹ̀, ètè mi á gbẹ, á bó. Bí Iléyá bá sì dé, èmi náà á lọ tò sétí odò, n ó máa dúró de ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn kí n tó lè délé.

Iṣẹ́ wa parí, ọkọ̀ ojú omi náà ni mo ṣì bá sọdá wálé. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá, mo ní kí ìyá mi palẹ̀ mọ́. Àdìrẹ tó kù nínú ọjà wọn ni wọ́n ń ká. Wọn ò gbójú sókè.

"Mo ti sọdá tó, ọmọ mi. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Bá mi kó èyí fún oníbàárà mi, kí o sì bá mi kí i."

Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Ó rẹ èmi náà kọjá kí n máa jiyàn.

A ò tíì jìnnà sí Bìní tí oorun fi gbé mi lọ nínú lọ́rì. Ìgbà tí awakọ̀ jí mi, ọjà Oníṣà la wà. Mo bèèrè afárá.

Ó ní, "A ti kọjá ẹ̀ tipẹ́."

Oníbàárà ìyá mi gba aṣọ náà, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó jókòó, kò tú ẹrù náà wò. Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo ń padà, wọ́n ti fi tapólì bo lọ́rì wa, ìró táyà nìkan ni mo gbọ́ lórí afárá.

Ìyá mi ò bèèrè afárá. Oníbàárà wọn ni wọ́n bèèrè. Mo ní òun náà ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n mi orí. Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ọjà'ba lọ síbi iṣẹ́, ẹnì kan fẹ́ kí n bá òun kan ilẹ̀kùn.