Iyán Ìtánràn

Nínú ọyẹ́, nígbà tí igi máńgòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, mo wọ yàrá ọmọkùnrin mi ní Manigri láti gbá ilẹ̀, òórùn máńgòrò pípọ́n sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo abẹ́ ibùsùn, mo tú àpò ìwé rẹ̀, n kò rí èso kankan. Nǹkan kékeré kan ni mo rí, ó gùn tó ìka, ó ń dán, ara rẹ̀ sì ni òórùn náà ti ń wá. Mo rò pé lọ́fínńdà ni. Ibi tí mo ti ń wá ojú rẹ̀, kí n lè kán díẹ̀ sí ìbòrí mi, ni ọmọ náà wọlé bá mi.

Kò purọ́ fún mi. Ó ní èéfín ni àwọn ń fà nínú rẹ̀ ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Bassila, níbi tó ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, àti pé bí omi inú rẹ̀ bá tán, sìgá ni àwọn ń fà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ní òun ti gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì láti fi í sílẹ̀, kò ṣeé ṣe.

Ilé-kéwú ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé títí dòní. Ohun tí mo mọ̀ ni mo lò. Mo ní kó lọ ṣe àlùwàlá, mo gbé Àlùkùránì síwájú rẹ̀, mo sì mú un búra pé òun kò ní fa èéfín mọ́ láé. Ó búra tomijé-tomijé. Ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò wálé mọ́. Ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìdánwò wà. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Bassila, mo gun ọ̀kadà zẹ́mí lọ bá a. Ó jókòó síwájú ilé tó ń gbé. Wọ́n pe ìrun Àílà ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì, kò mira. Mo bi í ohun tó dé.

“Ìyá mi, mo ti yẹ ìbúra,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ojú wo ni mo fẹ́ gbé wọ mọ́ṣáláṣí?”

Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí mo rí nǹkan olóòórùn yẹn lọ. Èéfín ni mo fẹ́ lé jáde lára ọmọ mi. Ìrun ni mo lé.

Bí mo ṣe dé Manigri, ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù wa àgbà ni mo gbà lọ. Ó ń ṣa kajú lábẹ́ igi. Ó gbọ́ mi títí, ó wá rẹ́rìn-ín débi pé fìlà rẹ̀ yẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé o máa ń mú ẹni tí ibà ń ṣe búra pé kò ní gbọ̀n mọ́?”

Ó ní kí n mú ọmọ náà lọ rí nọ́ọ̀sì, àti pé kí n má mú un búra mọ́. Ó wá rán mi létí ohun tí èmi fúnra mi fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ: ẹni tó bá yẹ ìbúra, kó bọ́ aláìní mẹ́wàá, ìyẹn ni ìtánràn rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán tí yóò fi bọ́ wọn.

Nọ́ọ̀sì ní bí fífà náà bá ti ń wù ú, kó má bẹ̀rù, kì í pẹ́ tó fi ń lọ; kó mu omi, kó rìn kiri, kó fi orin sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni orin kì í ti í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìtánràn, àlejò mẹ́wàá pé sí àgbàlá wa. Ìyá arúgbó opó kan tó ń gbé létí títì ló kọ́kọ́ dé, ó sì jókòó ti odó. Ọmọ mi gbé ọmọ odó, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ọkọ mi,” ni ìyá náà wí, “ṣé ìwọ lò ń gún iyán ni, àbí iyán ló ń gún ọ?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ìyá arúgbó ló gùn jù. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí, ó dìde láàárín wọn, ó bá wọn lọ. Mo dojú kọ odó, mo ń fọ̀ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí omijé mi.

Kò tán síbẹ̀ o. Lẹ́yìn ìdánwò, ó tún fà á. Ṣùgbọ́n kò sá fún wa mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí zẹ́mí tòun ti iṣu méjì lábẹ́ apá.

“Ìyá mi, mo tún ṣubú. Mo mọ̀ pé n kò búra, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gún iyán.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń fà á náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, ọmọ odó mẹ́ta nínú odó kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọjọ́ iyán bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, nígbà tó yá, a kò gbúròó odó mọ́.

Iṣu tuntun ti dé nígbà tí ìyá arúgbó kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n pe ọkọ òun wá. Ọmọ mi jáde tòun ti orin lẹ́nu.

“Ọkọ mi,” ni ó wí, “ìwà rere rẹ yìí ti fẹ́ febi pa mí.”

Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gbé odó. Òun nìkan ló gún iyán ọjọ́ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan.