Oṣù Méjì Tí Nọ́ọ̀sì Yọ

Oṣù méje péré ni ọmọbìnrin mi tó gbẹ̀yìn lò nínú mi. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì ní ọsibítù, mo sì ń tibi gíláàsì wò ó bí ẹni ń wo búrẹ́dì tí kò lówó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wa láyè, a gbé e wálé sí Ìbà.

Ó pé oṣù mẹ́jọ, kò jókòó. Èmi àti ìyá ọkọ mi, tó wá láti Abẹ́òkúta wá bá mi tọ́mọ, gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má dààmú. Ẹ yọ oṣù méjì nínú ọjọ́ orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

Ìyá ọkọ mi dìde. "Ta ló ń yọ nínú ọjọ́ orí ọmọ? Ọjọ́ tí Ọlọ́run fún un, ìwọ lo fẹ́ gé e?" Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ṣàlàyé, ó rẹ̀ ẹ́. Nígbà tá a délé, màámi, bí mo ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, wọ sùtánà, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù méjì náà lè padà.

Èmi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo di oṣù méjì yẹn mú dan-in dan-in. Tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi l'Ókokomáíkò, tó ní ọmọ tòun ti ń sáré, màá ní, "Tèmi ṣì ku oṣù méjì." Ọmọ pé ọdún mẹ́ta, mo ṣì ń sọ ọ́. Ojú ò tì mí.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tó pé ọdún méjì, nọ́ọ̀sì kó igi kéékèèké fún un pé kó tò wọ́n léra. Ọmọ kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì mi, ó pa á dé, ó sì nawọ́ sí mi pé ká máa lọ ilé. Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan gígùn sínú káàdì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi bóyá ọpọlọ ọmọ mi pé. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá ẹ̀.

Ó wá tó àsìkò iléèwé. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí kò bá lè gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, á padà sílé di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi kéré, ọwọ́ ẹ̀ kúrú. Àràárọ̀ ni màámi ń fi òrí fa apá ọmọ. Mo ní, "Màámi, ẹ má yọ ọ́ lápá o." Wọ́n ní kí n lọ ránṣọ mi.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, nígbà tó kàn wá lórí ìlà, ìka ẹ̀ dúró lókè etí, ó ku díẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ní, "Ó dọdún tó ń bọ̀." Inú bí mi. Mo ní, "Mà, ẹ yọ oṣù méjì..." Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ, pé ńṣe ni mò ń sọ ọmọ di kékeré sí i.

Ọmọ ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró, ó ń rò ó. Ó fi ọwọ́ òsì di etí òsì mú nísàlẹ̀, ó tì í sókè títí tí ìka ọ̀tún fi gbá a mú.

"Ó ti kàn án, mà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni. Ọwọ́ mi ò gùn, mo bá gbé etí wá bá a."

Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Àwọn ìyá tó kù rò pé wọ́n lé wa ni, wọ́n ń bẹ̀ mí pé ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà.

Nígbà tí mo ròyìn fún màámi, kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n fi òrí tó ṣẹ́ kù pa orúnkún ara wọn.

"Sọ fún nọ́ọ̀sì ẹ," wọ́n ní, "oṣù méjì wa ti dé."