Pẹ́ẹ̀gì Méjìlá Lórí Okùn Aṣọ

Bí irọ́ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ẹ̀bà alẹ́ òní. Gbogbo rẹ̀ ló ṣojú mi kòrókòró ní Warri, lọ́dún owó Údójì, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń sọ ènìyàn di olówó òjijì, tí ajá òyìnbó sì di ohun tí ọkùnrin fi ń ṣe fáàrí.

Ọ̀rọ̀ Ìyádùnní, ìyàwó mi, ìyá ìyá yín, ni. Ọmọ ọdẹ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Alágbàfọ̀ ni nílé Ẹnjiníà Olúgbémiga ní Ajamimogha, yàrá kan lẹ́yìn ilé náà la sì ń gbé, èmi, òun àti Ẹ̀bùn, ọmọ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí Ìyádùnní bá fọ aṣọ funfun sá, lékeléke á wá bà lé okùn, á rò pé àwọn ẹbí òun ló tò síbẹ̀.

Ẹnjiníà ní abo ajá kan, Lédì, tó tóbi bí ọmọ màlúù. Ó ti ṣèlérí ọmọ ajá fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, bó ṣe rí ẹ̀jẹ̀ nídìí Lédì báyìí, ó ní àsìkò akọ ti tó nìyẹn, ó sáré lọ mú Bingo, akọ ajá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, wá láti Edjeba. Eyín ni Lédì fi kí i káàbọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bingo fi sá sábẹ́ mọ́tò, kí wọ́n tó dá a padà sílé. Oyún kò dé. Ẹnjiníà ní oúnjẹ tí Ìyádùnní ń fún ajá náà ni kò dára.

"Ìyá Ẹ̀bùn," ló wí, "bí Lédì kò bá lóyún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wá ibòmíràn gbé o."

Ibo la fẹ́ wá? Ní Ekurede-Urhobo nígbà yẹn, ẹni mẹ́fà ló ń há mọ́ yàrá kan.

Oṣù keje lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Ìyádùnní ló kọ́kọ́ rí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bu omi ọṣẹ, ó fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ féfé kí Ẹnjiníà tó jí, ó wá fi pẹ́ẹ̀gì kan há ìparí okùn aṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fọ̀ ọ́, ó fi pẹ́ẹ̀gì mìíràn há a. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa jáde ni?"

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ fara balẹ̀. Ajá ló kún ilé bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ lèèyàn ń wò, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Tó bá ṣì pọ́n, á bu akọ jẹ ni. Tó bá di bí omi tí a fi ṣan ẹran, tí ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, tó gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti ṣetán nìyẹn."

Èmi tí mo ti bímọ, n ò mọ̀ rárá!

Lọ́jọ́ tí pẹ́ẹ̀gì pé méjìlá, ó lọ bá Ẹnjiníà nídìí tíì. "Ọ̀gá, ẹ mú Bingo wá lónìí."

Bingo dé. Lédì gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Bingo gùn ún. Kò pẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yí padà, ṣùgbọ́n ìdí àwọn méjèèjì ti so mọ́ra: ọ̀kan kọjú sí géètì, èkejì kọjú sí ilé ìdáná.

Ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe fún ajá tó bá so báyìí nígboro. Òkò, igi, omi. Ìtìjú ni lójú wa, a gbọ́dọ̀ tú u. Festus, ẹ̀ṣọ́ géètì, figbe ta: "Water! Make una bring water! Mama Ẹ̀bùn, you no dey shame?" Àwọn ará àdúgbò rọ́ dé. Èmi náà gbé korobá omi, mo sáré bọ̀.

Ìyádùnní ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ajá méjèèjì, ó fọwọ́ kan di Lédì mú, ó fi ìkejì di Bingo.

"Bàbá Ẹ̀bùn! Ẹ ò gbọdọ̀ dà á! Wọn á fa ara wọn ya. Bí ajá ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn, tó bá yá wọn á já fúnra wọn."

"Gbogbo ayé ń wò ọ́!"

"Kí wọ́n wò mí dáadáa. Yàrá wa ni mo dì mú yìí."

Mo gbé korobá sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọkùnrin olóye. Bí ogún ìṣẹ́jú ló fi jókòó sínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó wà ní géètì fi ìka bojú, àlàfo ìka wọn sì gba ọmọ ológbò kọjá. Nígbà tó yá, ajá méjèèjì já wọ́ọ́rọ́wọ́, oníkálukú ń lá ara rẹ̀.

Ìyádùnní sọ pé oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́ta sí i ni Lédì máa bímọ. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó dá gan-an, Lédì bí mẹ́jọ. Ẹnjiníà tún figbe ta pé wọ́n fọ́jú!

"Ọ̀gá, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, gbogbo wọn lajú, wọ́n ń wo Ẹnjiníà. Òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún alágbàfọ̀ rẹ̀, ó ní kí ó má bínú. Ọdún mẹ́sàn-án la tún lò ní yàrá yẹn. Mọ́tò ń ti Edjeba wá bi ìyàwó mi léèrè ọ̀rọ̀ ajá. Festus tó ń pariwo ìtìjú pàápàá fa abo ajá tirẹ̀ wá, ó ń rọra béèrè bóyá ó tó àsìkò.

Nítorí eyín mẹ́rin mi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun kékeré kan tí mo fi kún un. N ò gbé korobá yẹn sílẹ̀. Mo dà á. Ẹ̀yìn ni Ìyádùnní fi gbà á. Ajá méjèèjì ò mọ̀ pé omi wá síbẹ̀.