Ìjókòó Ẹ̀yìn Lápá Ọ̀tún

Bí irun èèpo àgbọn bá ń jó, òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dùn díẹ̀ nímú, bí ìgbà tí ènìyàn ń yan nǹkan, kó tó di èéfín tó ń ta ni lọ́fun. Títí dòní, bí aládùúgbò bá fi í dáná, màá kọ́kọ́ nawọ́ wá ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé ilé ni mo wà, mi ò sí nínú mọ́tò.

Ìjàpá ni mọ́tò náà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Bàbá mi rà á nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Oregun. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé wa ní Ifákọ̀, adìẹ ń yé sínú rẹ̀, ewé igi fùrúùtù sì bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́dún tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú, wọ́n sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo ló wu àwọn: kí àwọn tún fi mọ́tò yẹn dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ pátápátá. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀, bí mo bá sì ti kọ́ nǹkan tán, mi ò mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò ń fi páálí ìṣáná wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, irin kéékèèké méjì tó ń ta iná fún ẹ́ńjìnnì. Èmi ra irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Nígbà tí ẹni tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Agege fẹ́ fi fóòmù sínú ìjókòó, mo kọ̀, mo ní irun èèpo àgbọn tó bá mọ́tò wá ni kó wà níbẹ̀. Bátìrì nìkan ni mo yí padà. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Kékeré ni ti àtijọ́, nítorí náà mo ra ńlá, alágbára, tó fi ìka méjì ga jù ú lọ. Ìdérí dúdú kan wà lórí ti àtijọ́, ó ti sán, mo sì gbá a dànù pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jáde, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni mo fi Bàbá sí, níbi tí gbogbo ayé ń fi ọ̀gá sí. Ṣé ẹni tó ni mọ́tò ló máa wá jókòó ti dírẹ́bà? A kó sí kòtò kan lọ́nà Ìjù, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, Bàbá sì ní nǹkan ń jó. Mo ní òórùn ọ̀dà tuntun tí mo kùn ún ni. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn méjì péré ni Ìjàpá ní, kò sí ti ẹ̀yìn. Táǹkì epo wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, bàbá mi wà láàárín, orúnkún wọn kò sì ká dáadáa. Mo yí mọ́tò padà sílé.

Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti dínkù. Mo pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì, mo fẹ́ kábúrétọ̀, mo sì yí gbogbo rọ́bà epo padà. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, èmi nìkan á wà á lọ sí Agege, màá wà á bọ̀, kò ní wúkọ́ rárá. Ìyàwó mi á ní, "Ìyàwó yín kejì tún ń pè yín níta o," mi ò sì lè sọ fún un pé ẹ̀rù ìyàwó kejì náà ń bà mí. Níkẹyìn, mo lọ bá rìwáyà àgbà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi, ó wá béèrè bóyá mo máa ń gbé èrò. Mo ní rárá, èmi nìkan ni mo fi ń dán an wò. Ó ní kí n gbé èrò ná kí n tó padà wá. Mo bínú lọ sílé. Mo ní ọkùnrin yìí kò mọ Ìjàpá.

Nígbà tó di Sátidé kejì, a tún jáde. Mo ra ẹ̀rọ ìpaná, mo gbé e sẹ́sẹ̀ mi. A kọjá Agege, a kọjá Ikeja, ẹ́ńjìnnì ń kọrin. A ti ń rí ògiri ilé-iṣẹ́ náà ní Oregun nígbà tí táyà ẹ̀yìn já sí kòtò ńlá kan, tí mọ́tò sì kú. Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu:

"Ìdí mi ń gbóná."

Èéfín ti bò wọ́n dé àyà. Mo gbé ẹ̀rọ ìpaná, mo sáré lọ sẹ́yìn, mo ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní bí mo ṣe nù ú. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wá iná láàárín àwọn wáyà, nítorí ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ló wà. Mò ń gbọ́ ohùn kan, kó, kó, kó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Bàbá ló ń kan gíláàsì.

Mo sáré padà, mo ti ìjókòó iwájú síwájú, mo fà wọ́n lápá, orúnkún kò ká. Ẹnì kan tó ń já ẹrù lára tírélà sáré wá láì béèrè nǹkan kan, ó gbá wọn mú lábẹ́ abíyá, a jọ gbé wọn jáde. Nígbà tí mo gbé ìjókòó yẹn sókè, iná sọ sí mi lójú. Irun èèpo àgbọn tí mo bá oníṣẹ́ jà lé lórí ló ń jó. Mo fi ẹ̀rọ ìpaná pa á.

Rìwáyà àgbà náà ló wá wò ó. Ó fi ojú ibi méjì tó ti dúdú lára sípíríǹgì ìjókòó hàn mí. Nígbàkígbà tí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀, tí mọ́tò sì já sí kòtò, irin á kan orí méjèèjì bátìrì gíga mi, á sì ta iná. Kò fi mí rẹ́rìn-ín.

"Èrò ni mo ní kí ẹ gbé," ó ní. "Mi ò ní kí ẹ gbé bàbá yín."

Bàbá dé géètì wọn lọ́jọ́ iná náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan lé èjìká mi, ihò ńlá wà lẹ́yìn ṣòkòtò wọn, a rọra rìn ín. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn fọwọ́ kan irin rẹ̀, wọ́n ní ó tó.

Ìjàpá ṣì ń rìn. Bátìrì kékeré ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, mo sì máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó tan ẹ́ńjìnnì. Iwájú ni Bàbá ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n yàn án. A máa ń sọ̀rọ̀ títí a ó fi délé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bi wọ́n rí ohun tí wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń kan gíláàsì, tí wọ́n ń wò mí láti inú èéfín, tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mò ń wá iná níbi tí kò sí.