Òjò Tokuzo Nígbà Ọ̀dá

Iṣẹ́ òjò ni Tokuzo ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá kan ní Tokyo, bí òṣèré bá fẹ́ sunkún lábẹ́ òjò, òun ni wọ́n ń ké sí kó fi ẹ̀rọ rọ òjò náà. Ó mọ òjò ọ̀fọ̀, ó mọ òjò olólùfẹ́, ó mọ winiwini tó ń bá ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀ délé. Orí rẹ̀ pá kodoro. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gbàrá ló wọ́ irun ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wọ ilé gbogbo ènìyàn, gbọ̀ngàn sinimá dá páropáro, ilé-iṣẹ́ ńlá sì gbọn òṣìṣẹ́ dànù bí ẹni gbọn ẹní. Tokuzo bá wọn lọ. Ta ló fẹ́ gba ẹni tí kò mọ̀ ju òjò lọ? Àfi Minegishi, ọmọkùnrin kan tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dá sinimá tiwọn ṣe, tí gbogbo wọn ń sùn sí yàrá kan bí ẹja inú agolo. Nínú sinimá náà, obìnrin kan ń dúró de ọkọ rẹ̀. Ní ìparí, òjò yóò fọ orúkọ ọkọ náà tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà nù. Láìsí òjò, kò sí sinimá. Tokuzo sọ fún Fusae, aya rẹ̀, pé bí òjò yìí bá dára, àwọn ọmọ bíi Minegishi yóò máa wá òun. Bí kò bá dára, ó tán nìyẹn. Fusae ní kó kúkú lọ máa ta ìpékeré.

Ọ̀dá ló wá mú ìlú. Àlejò Òlíńpíìkì ń bọ̀, omi ẹ̀rọ kò yọ. Àwọn sọ́jà ń fi ọkọ̀ gbé omi wá, àwọn ìyàwó ilé ń tò pẹ̀lú kòròbà. Fíìmù tó tó yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló kù nínú kámẹ́rà, ọ̀la sì ni katapílà fẹ́ wó ilé tí wọ́n ti ń ya sinimá náà, kí ọ̀nà tuntun lè gba ibẹ̀.

Tokuzo lọ fi orí balẹ̀ fún obìnrin tó ni ilé ìwẹ̀ àdúgbò. Ó bẹ̀ ẹ́ fún omi tí wọ́n ti wẹ̀ kù.

“Omi tí gbogbo wa fi họ ìdọ̀tí lo fẹ́ dà sórí arẹwà òṣèré yẹn?”

“Kámẹ́rà ò ní imú, ẹ̀gbọ́n.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì fún un.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ṣú díẹ̀. Wọ́n gbé àwọn dúrọ́ọ̀mù gun òrùlé, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, Tokuzo ṣí ẹ̀rọ. Òjò náà dára. Ó bọ́ sórí páànù wàràwàrà, ibẹ̀ ló sì ti ṣàṣìṣe: ó gbàgbé pé òjò ní ohùn, pé ohùn yẹn gan-an ni gbogbo àdúgbò ti ń dẹtí sí.

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Wọ́n tú jáde pẹ̀lú ìkòkò, bàsíà, kódà abọ́ tíì. Màmá Nobu, arúgbó ilé kejì, ló ṣáájú láìwọ bàtà, ó gbójú sókè, ó ń sunkún. “Ó dé o. Ó mà dé.” Iwájú ilé kan ṣoṣo ni òjò ti ń rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í wo ẹ̀gbẹ́.

Minegishi kò dá kámẹ́rà dúró. Ó wo òkè, ó ju ọwọ́: máa dà á.

Bí Tokuzo bá ti ẹ̀rọ, sinimá kú, òun náà kú mọ́ ọn. Bí kò bá tì í, ó ń tan àwọn tó ń bá a tò síbi omi jẹ. Kò tì í.

Màmá Nobu bu omi sẹ́nu. Ó tọ́ ọṣẹ wò. Ó tutọ́, ó rọra gbójú sókè.

“Tokuzo. Ìwọ ni?”

Ìyá náà kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí omi fi tán, tó ku ẹ̀kán ẹ̀kán.

Minegishi ń ké pé òun kò rí irú òjò bẹ́ẹ̀ rí. Nísàlẹ̀, wọ́n ń da ìkòkò wọn nù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó bú u. Fusae, tó wá wòran, ti yí padà lọ sílé. Àwọn ọ̀rẹ́ Minegishi ń pe Tokuzo kó sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Àkàbà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ti gba àárín àwọn aládùúgbò kọjá, ó sì jókòó sórí páànù tútù náà, ó ń retí katapílà.