Ibojì Tí Kò Lórúkọ

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹfun tútù lára ògiri, ètè mi á gbẹ.

Mo ṣì kéré nígbà náà; ọ̀la ni Tusẹ̀ǹ, ọdún àwọn ẹni mímọ́. Èmi àti màmá mi ń fi ẹfun kun ibojì ìdílé wa l'Ájàṣẹ́. Àbúrò bàbá mi tó ti Èkó dé ti kọ́ mi pé "sénìtì" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni mímọ́, orúkọ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e: Sénìtì Pítà, Sénìtì Pọ́ọ̀lù.

A dé ìdí ibojì kékeré kan. Kò sí orúkọ lára rẹ̀.

"Màmá, sénìtì wo nìyí?"

"Ìkókó ni. Ó lọ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. "Ẹ kọ orúkọ tèmi sí i."

"Èèwọ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ó fi ọwọ́ tí ẹfun kún bo ẹnu mi, ó sì gbá mi mọ́ra pinpin.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ló bí tẹ̀ lé ìkókó náà.